Wákàtí Tí Ara Rọ̀

Ọjọ́bọ̀, agogo méjì òru ti kọjá.

Omi ni mo dìde láti mu. Mo tan iná, mo bá aáyán kan lára ògiri. Sálúbàtà ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó rí i pé funfun ni. Ó funfun báláú, àfi ojú rẹ̀ méjèèjì tó dúdú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni. Awọ ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó là láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì pé síbẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Kò sá. Bóyá kò tíì lè sá. Mo ju sálúbàtà sílẹ̀, mo fa àga, mo jókòó tì í.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí àgbàlagbà fi ń ṣọ́ aáyán lóru. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń dá àwọn ènìyàn kan sílẹ̀ nínú ìwé ìkọ̀wé mi, àwọn tó ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì bíi tiwa ṣùgbọ́n tí ara wọn jẹ́ ti kòkòrò. Abọ́ra ni mo pè wọ́n. Àbúrò mi ní orúkọ náà dà bíi ti ẹni tó máa ń bọ́ra sílẹ̀ láàárín ọjà. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀: ìyá kan ṣoṣo tó ń yé ẹyin fún gbogbo ìlú, ilé bí afárá oyin, èrò kan ṣoṣo lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Ó sú mi kíákíá. Àwọn kòkòrò tó ń gbé bẹ́ẹ̀ ò tó nǹkan nínú gbogbo kòkòrò. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń dá gbé. Bíbọ́ awọ ni gbogbo wọn jọ ń ṣe.

Ara wọn ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Bí o bá sọ gígùn, ìbú àti gíga kòkòrò di ìlọ́po 10, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po 100, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ yẹn fẹ́ gbé ti di ìlọ́po 1,000. Á kán ni. Èémí tún ńkọ́? Kòkòrò ò ní ẹ̀dọ̀fóró. Ihò wẹ́wẹ́ ló wà ní ìhà rẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú àwọn ọpọ́n tín-ín-rín tó lọ káàkiri ara. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, ìbátan lámilámi kan wà tí wọ́n ń pè ní Meganeura, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ́síjìn tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ìgbà náà ju ìdá 21 nínú 100 ti òde òní lọ wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà mo fún àwọn Abọ́ra ní ayé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún dáadáa, mo fi àpò bí ẹwìrì sí ikùn wọn, mo sì gé wọn kúrú kí wọ́n má ga ju ìbàdí mi lọ. Mo ṣì rẹ́ ìṣirò jẹ díẹ̀ níbi ìwọ̀n. Ìtàn ni mò ń kọ, mi ò kọ́lé.

Èdè wọn ló dùn mọ́ mi jù. Ojú kòkòrò kì í pa dé, kò ní ìpéǹpéjú, báwo ni Abọ́ra ṣe fẹ́ sọ pé ojú tì í? Ó ní ìwo òun ká. Ọkàn kòkòrò jẹ́ ọpọ́n gígùn tó nà lọ lábẹ́ awọ ẹ̀yìn, nítorí náà àyà ò lè já Abọ́ra, ẹ̀yìn ló ń já a. Ojúgun ẹsẹ̀ iwájú ni etí ìrẹ̀ wà. Mo gbé e fún àwọn ènìyàn mi bẹ́ẹ̀, mo fi sí abẹ́ orúnkún wọn, bí ẹnì kan bá sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ láàárín wọn, ó fi etí sílẹ̀ ni, ní ti gidi.

Ọ̀rọ̀ òórùn tún wà. Ní 1958, Edward O. Wilson, onímọ̀ nípa èèrà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá fi irú ọ̀rá kan tó máa ń jáde lára òkú èèrà pa èèrà tó wà láàyè lára, àwọn yòókù á gbé e lọ sórí ààtàn tòun ti bó ṣe ń ta ẹsẹ̀. Á máa padà wálé, wọ́n á máa gbé e lọ, títí yóò fi nu ara rẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Abọ́ra, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú bá sú á fi òórùn yìí para, wọ́n á gbé e jáde, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan títí yóò fi tán lára rẹ̀. Àwọn ọmọdé á sì máa fi sá níbi iṣẹ́.

Àbúrò mi kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹnì kan bá wá kú lóòótọ́ láàárín àwọn tó lọ sinmi ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?"

Mi ò rí èsì fún un títí di òru yìí.

Aáyán yẹn rọ̀ bí ọmọ tuntun. Mo tẹjú mọ́ awọ tó bọ́, mo rí okùn funfun tíń-tìn-tín nínú rẹ̀: awọ inú ọpọ́n èémí rẹ̀ ni, tó fà jáde pẹ̀lú. Ẹ ro ó wò, kí ènìyàn fa ọ̀nà ọ̀fun tirẹ̀ jáde. Ní wákàtí yẹn, ohunkóhun ló lè pa á. Kò sí Abọ́ra tó lè dá bọ́ra láìléwu, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jókòó tì í. Aṣọ́ra ni wọ́n ń pè é. Kí ara tó le, aṣọ́ra á fi ìka tẹ èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ìka náà á sì le mọ́ ọn lára títí di ìgbà tí yóò tún bọ́. Òun ló máa ń lọ wò ó lórí ààtàn.

Ọwọ́ mi ń yún mi láti tẹ̀ ẹ́. Mo na ìka dé ibi tí ìwo rẹ̀ lè kàn án, mo tún fà á padà.

Nígbà tó fi máa di agogo márùn-ún, ó ti pọ́n bí obì. Ó yíjú sí awọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ibi ẹsẹ̀.