Ẹ̀rí tí kò nílò máíkì: àyẹ̀wò ọdún mi

Ọdún ń lọ sópin, mo sì jókòó láti ro ohun tí Ọlọ́run ṣe láàárín wa. Ohun púpọ̀ ni ìjọ wa dáwọ́ lé: ìsọjí, ìwàásù ìta gbangba, ààwẹ̀ àti àdúrà. Mo dúpẹ́ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó mú àwọn ẹni tuntun wọlé tí wọ́n sì dúró, ẹ̀rí ni n ó sọ. Ẹ̀rí tí ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì lórí ìjókòó.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àwọn aṣáájú ìjọ fi àkókò ẹ̀rí sí ìkáwọ́ mi. Bó ṣe máa ń rí ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó bá ní ìròyìn ayọ̀ á tò síwájú: iṣẹ́ tuntun, ilé tuntun, ìrìnàjò tó yọrí sí rere. A ó yọ̀, a ó pàtẹ́wọ́, ó parí. Ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́, ó sì yẹ. Àmọ́ ẹni tí tirẹ̀ kò tíì dáa, ibo ni yóò dúró? Àlejò tó gbé ọkàn wúwo wọlé, ta ni yóò rí nínú wa tó mọ ohun tó ń là kọjá?

A wá dín ti ọjọ́ Ìsinmi kù sí ẹ̀rí kan ṣoṣo, a gbé ìyókù lọ sí ìpàdé ilé. Ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí a ní kó sọ ni irú ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, bí Kristi ṣe bá a pàdé, àti ibi tó bá ìrìn náà dé báyìí. Bó bá parí, a kì í wàásù lé e lórí. A ó bi í ní ìbéèrè, a ó sì gbàdúrà fún un.

Ó pẹ́ kí ara tó tu àwọn ènìyàn. Ẹni tó yí i padà ni ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ó dìde, ó ní ọmọ òun kò tíì gbádùn. Ó ní àwọn òru kan wà tí òun kò lè gbàdúrà rárá, Sáàmù tí arábìnrin kan kà sí òun létí lórí fóònù ni òun fi sùn. Ó ní síbẹ̀ òun kò lè sọ pé Ọlọ́run fi òun sílẹ̀, nítorí òun mọ bó ṣe rí nígbà tí òun kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ni àlejò kan tí aládùúgbò rẹ̀ mú wá, tí kò ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní òun ti rò pé àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún nìkan ló ń wá síbí. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó sì wà láàárín wa títí di òní.

Ìtàn obìnrin ará Samáríà nínú Jòhánù orí 4 kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Kò tíì dá a lójú tán pé Jésù tó bá pàdé létí kànga ni Kristi nígbà tó fi ìkòkò omi rẹ̀ sílẹ̀ tó wọ ìlú lọ. Ìbéèrè ló gbé lọ bá wọn: àbí Kristi náà nìyí? Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n bẹ Jésù kó dúró, ó sì lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún obìnrin náà pé kì í ṣe nítorí ohun tó sọ mọ́ ni àwọn ṣe gbàgbọ́, àwọn fúnra àwọn ti gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tí a jẹ́rìí fún nìyẹn. Ẹ̀rí tó bá dá ènìyàn dúró sọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ti ọkùnrin tí Jésù lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀ nínú Máàkù orí 5 náà tún wà. Àwọn ará agbègbè yẹn ní kí Jésù máa lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ bá a lọ, Jésù kò gbà fún un, ó rán an sílé kó lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kéde rẹ̀ káàkiri Dekapólì, agbègbè ìlú mẹ́wàá. Nígbà tí Jésù tún gba Dekapólì ní orí 7, àwọn èèyàn fúnra wọn ló mú adití kan wá, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọwọ́ lé e. Máàkù kò sọ pé ẹ̀rí ọkùnrin yẹn ló fà á. Èmi ni mo máa ń rò ó bẹ́ẹ̀, inú mi a sì máa dùn.

Láàárín ọdún, mo kà nípa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Wesley, oníwàásù tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀, ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1742, gbèsè ilé ìpàdé wọn ni wọ́n fẹ́ san. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ èèyàn bíi méjìlá, olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan a máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n rí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé ayé gan-an, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bi ara wọn léèrè bí ọkàn wọn ṣe wà. Ó fún mi ní ìgboyà nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ìpàdé ilé kéré jù láti mú ìjọ dàgbà.

Ibi kan wà tí n kò gbà kí a fi ọwọ́ kékeré mú. Ìtàn ara ẹni ni kí oníkálukú sọ, kì í ṣe àṣírí ìyàwó tàbí ti ọmọ. A kì í ká ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tàbí gbé e sórí WhatsApp láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà. Ẹni tó rí ìwòsàn kò sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlòmíràn pé kó ju oògùn dókítà rẹ̀ nù. Pétérù ní kí a fi ìwà tútù dáhùn ẹni tó bá bi wá nípa ìrètí wa, àbùmọ́ àti ìwà tútù kì í sì í gbé pọ̀.

Nígbà tí àwọn tó ṣe ìrìbọmi lọ́dún yìí ń sọ bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnì kan tó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dárúkọ. Àwọn ọkùnrin ṣì ń lọ́ra láti sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò tíì jókòó ti àwọn àgbà tó, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa kan wà tí ẹ̀rí wọn kò tíì sí ní àkọsílẹ̀ rárá. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní: àwọn ọ̀dọ́ ni yóò máa bi wọ́n ní ìbéèrè, àwọn náà ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, bí àwọn àgbà bá yọ̀ǹda.