Ọjọ́ Kan ní Hersheypark Pẹ̀lú Ọmọ Mẹ́ta àti Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Baltimore láti Ìbàdàn, ohun tó jẹ mí lógún ni bí a ó ṣe rí ibi ìgbafẹ́ kan lọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní kàn jókòó ṣọ́ ẹrù. Àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò sọ̀rọ̀ ohun mìíràn ju rólà kósítà lọ, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré lórí irin gòkè tí ó sì ń já wálẹ̀. Àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Màmá sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Hersheypark ní Pennsylvania ni a fẹnu kò sí, nítorí kò gbà wá tó wákàtí méjì láti wakọ̀ débẹ̀.

Milton Hershey, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ìlú náà, ló dá ọgbà yìí sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ẹbí wọn lè rí ibi sinmi. Ọdún 1923 ni rólà kósítà àkọ́kọ́ dé ibẹ̀. Lójú tèmi, ìpìlẹ̀ yẹn ṣì hàn títí di òní, nítorí pé wọn kò kó ohun ìṣeré àwọn ọmọdé sí igun kan ṣoṣo, wọ́n tò wọ́n káàkiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń dẹ́rù bani.

Wọ́n máa ń wọn bí ọmọ ṣe ga tó, orúkọ àwọn ohun dídùn ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń pe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ga tó ínṣì 36 tí kò tó 42 wà ní Kisses. Láti 42 títí di ibi tí kò tó 48 ni Reese's. Ẹni tó bá ti ga tó 54 bọ́ sí Twizzlers. Ọmọ wa kejì, ọmọ ọdún méje, bọ́ sí Reese's, ó sì bú sẹ́kún, torí mo ti ṣèlérí fún un nílé pé gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gùn lòun náà yóò gùn. Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti wọ̀n ọ́n kí a tó kúrò nílé.

Rólà kósítà tí wọ́n ń pè ní Candymonium ni ọkọ mi àti àkọ́bí kọ́kọ́ lọ gùn. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 210, ó sì ń sáré tó máìlì 76 ní wákàtí kan. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹṣin onígi tí wọ́n ṣe ní 1919 wà, níbi tí Màmá ti gbé àbíkẹ́yìn lé ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tí ó ń fi oríkì rẹ̀ pè é bí wọ́n ṣe ń yí po.

Comet, rólà kósítà tí wọ́n fi igi kọ́ ní 1946, ló gba ọmọ kejì. Èmi ni mo bá a jókòó. Bí ó ti ń fà wá gòkè díẹ̀díẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú pinpin; nígbà tí a já wálẹ̀, igbe ayọ̀ ló ké.

“Ìyàwó mi, ẹ̀rù ò ba ọmọ yìí?” ni Màmá bi mí nígbà tí a jáde.

“Kò bà mí, Màmá,” ni ọmọ náà fèsì, “ẹ jẹ́ kí n padà lọ.”

A tún tò sórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a jókòó lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti Màmá sì dúró nísàlẹ̀, à ń juwọ́ sí wọn.