Ọjọ́ tí A Bá Náítírójìn Nínú Eérú

Lónìí ni mo tún kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa náítírójìn, ọ̀kan lára gáàsì inú afẹ́fẹ́, ohun tó sì wà lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú ni gbólóhùn kan tí mo bá nínú ìwé púpọ̀ nínú wọn: “Náítírójìn kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀.” Gbólóhùn náà dùn mí, nítorí pé àwa olùkọ́ gan-an la fi kọ́ wọn.

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tó gbẹ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Daniel Rutherford yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1772, ó rí i pé iná kú nínú rẹ̀, ẹ̀mí kò sì lè gbé inú rẹ̀. Nígbà tó yá, Lavoisier, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí aláìníyè. Bẹ́ẹ̀ kò sí púrótéènì kan nínú ara wa tí náítírójìn kò sí nínú rẹ̀.

Átọ̀mù rẹ̀, ìyẹn èérún rẹ̀ tó kéré jù lọ, ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 7, àwọn ohun tíntìntín tó yí àárín rẹ̀ ká. Márùn-ún nínú wọn wà ní ìpele òde, ó sì ku mẹ́ta kí ìpele náà tó kún. Ìdí nìyí tí átọ̀mù méjì fi máa ń so mọ́ra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta wá kí wọ́n lè jọ máa lò ó. Ìdè mẹ́ta tó so wọ́n pọ̀ yìí le débi pé agbára tí a ó fi já a tó nǹkan bí kílójúùlù (òṣùwọ̀n agbára) 945 fún mólù kan (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka èérún), nígbà tí ti ọ́síjìn kò ju nǹkan bí 498 lọ. Átọ̀mù tó bá dá wà yóò tètè dì mọ́ ohun tó bá pàdé. Méjì tó ti di ara wọn mú ni kò ráyè ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, nítorí náà mo ká mágínẹ́síọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́, irin fúyẹ́ tó máa ń jó, sínú ife amọ̀ kékeré kan, mo dé e, mo sì fi iná tó lágbára sí i nídìí. Nígbà tó tutù, eérú funfun ló bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ṣíbí tú u, a rí i pé abẹ́ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Mo kán omi díẹ̀ sí i, mo sì na bébà lítímọ́ọ̀sì pupa tó tutù, èyí tí gáàsì amóníà máa ń sọ di búlúù, sí òkè ife náà, láìjẹ́ kó kan eérú, nítorí pé eérú náà fúnra rẹ̀ lè sọ bébà di búlúù, ẹ̀rí wa yóò sì bàjẹ́. Bébà náà rọra di búlúù láti etí rẹ̀, òórùn amóníà, gáàsì tí náítírójìn àti háídírójìn para pọ̀ dá, sì ta sí wa nímú. Ooru mágínẹ́síọ̀mù tó ń jó ti já ìdè mẹ́ta náà, náítírójìn sì ti dara pọ̀ mọ́ mágínẹ́síọ̀mù kí omi tó sọ ọ́ di amóníà. Ibo ni náítírójìn inú amóníà ti wá, bí kò ṣe inú afẹ́fẹ́?

Mo sọ fún wọn pé Fritz Haber ní ilẹ̀ Jámánì fi háídírójìn àti náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà ní 1909, àti pé Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-ìṣẹ́ ńlá ní Oppau ní 1913. Ó gba irin tó ń mú ìyípadà náà yá, ooru tó tó nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti ìtẹ̀ tó tó nǹkan bí ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ́ Rhizobium ń ṣe amóníà kan náà nínú gbòǹgbò ẹ̀wà, láìsí iná, nínú ilẹ̀ tútù.

Bí a ti ń palẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé náítírójìn tí mo mí síta láàárọ̀ lè wà nínú eérú yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wà níbẹ̀, nítorí pé bí a ṣe ń fà á símú náà la ṣe ń mí i síta. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó sì wo inú ife náà fún ìgbà pípẹ́.