Ibi Tó Ń Súni Jù Lowó Ìlú Ti Ń Jáde

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, àwa èèyàn fẹ́ràn òṣèlú tó ń pariwo. Tó bá ti di ìbò ààrẹ, a ò ní sùn, a máa jà lórí fóònù, a máa bú ara wa, àwọn ọ̀rẹ́ míì wà tí wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ dòní torí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń jà yẹn pé ta ni kánsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú àdúgbò ẹ̀, á kàn máa wò yín sùn-ùn. Bẹ́ẹ̀ kánsẹ́lọ̀ yẹn àtàwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ló ń pinnu ibi tí gọ́tà máa gbà, ọjọ́ tí wọ́n máa kó pàǹtí, irú ilé tí wọ́n máa jẹ́ kí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, iye tẹ́ ẹ máa san lórí ilé yín. Ààrẹ ò mọ gọ́tà yín o.

Mo mọ ìdí tá a kì í fi í lọ sí mítìn wọn ṣá. Ó ń súni, ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa. Wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan á ní wọn ò kọ orúkọ òun dáadáa, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí páìpù, ẹni tó mọ̀ nípa páìpù ò sí níbẹ̀, wọ́n á sún un síwájú. Lọ́pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà wọ́n tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní consent agenda. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kà sí nǹkan kékeré, owó tí wọ́n fẹ́ san, kọ́ńtíráàtì tí wọ́n fẹ́ sọ dọ̀tun, wọ́n á kó o pọ̀ sójú kan, wọ́n á dìbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ẹ̀, ṣé ẹ gbà, a gbà, ó parí. Kò burú fúnra ẹ̀ o, torí tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa jiyàn lórí gbogbo bébà àti bírò tí wọ́n fẹ́ rà, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo sì lè ní kí wọ́n yọ ohun kan kúrò nínú ẹ̀ ká sọ̀rọ̀ lé e lórí lọ́tọ̀. Àmọ́ tí àga àwọn ará ìlú bá ṣófo, ta ló máa ta á lólobó pé kó yọ ọ́?

Ìlú tó máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ti ń ronú irú nǹkan báyìí ni Bell, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles ní California. Àwọn tó ń gbébẹ̀ tó nǹkan bíi 36,000, òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tó ń jí kùtùkùtù tó ń wọlé alẹ́, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 2005 wọ́n pe ìdìbò àkànṣe kan lórí bóyá kí Bell di charter city, ìyẹn ìlú tó ní ìwé òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí, kò sẹ́ni tó máa ronú ibi sí i. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé òfin ìpínlẹ̀ ti fi gègé sí iye tí kánsẹ́lọ̀ lè máa gbà láwọn ìlú tí kò níwèé òfin tiwọn, ìlú tó bá sì ti ní tiẹ̀, gègé yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìwé ìbò náà ò sọ nǹkan kan nípa owó oṣù. Àwọn tó jáde wá dìbò lọ́jọ́ yẹn ò tó 400. Mo tún un sọ, nínú 36,000, wọn ò tó 400, wọ́n sì gbà á wọlé.

Ìgbà tó fi máa di July 2010 làṣírí tó tú. Àwọn akọ̀ròyìn méjì ní Los Angeles Times, Jeff Gottlieb àti Ruben Vives, ìlú Maywood tó wà nítòsí ni wọ́n ń wádìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ti Bell. Robert Rizzo, tó jẹ́ máníjà ìlú náà, ìyẹn ẹni tí kánsù gbà síṣẹ́ láti máa darí iṣẹ́ ìlú, ń gba ohun tó sún mọ́ 800,000 dọ́là lọ́dún. Ààrẹ Amẹ́ríkà, 400,000 ló ń gbà! Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú kékeré yẹn ń gba 457,000. Kánsẹ́lọ̀, tí kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń lọ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú nǹkan bíi 100,000 lọ sílé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n ń fi ara wọn sórí bọ́ọ̀dù oríṣiríṣi, bọ́ọ̀dù tibí, bọ́ọ̀dù tọ̀hún, àní bọ́ọ̀dù pàǹtí pàápàá wà níbẹ̀, bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń sanwó tiẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú bọ́ọ̀dù yìí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé rárá.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀ kò farapamọ́ jìnnà. Orúkọ bọ́ọ̀dù wà nínú ìwé, kánsù dìbò lé owó lórí níjòókòó wọn, ilẹ̀kùn ò tì. Àìsí nílé ológbò ni ilé fi di ilé èkúté. Nígbà tí ìròyìn jáde, àwọn ará Bell rọ́ wá sí mítìn débi pé gbọ̀ngàn ò gbà wọ́n mọ́, ní March 2011 wọ́n dìbò yọ àwọn kánsẹ́lọ̀ tó kù nídìí ẹ̀, Rizzo fúnra ẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ní 2014. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò, ká ní ìwé ìròyìn yẹn ti kógbá sílé ńkọ́? Ìlú kéékèèké tó pọ̀ láyé yìí ni kò ní akọ̀ròyìn kankan mọ́ tó máa jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú bírò.

Wàyí o, ibi tí mo ti yàtọ̀ sáwọn tó máa ń sọ pé ọ̀lẹ làwọn ará ìlú rèé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í lọ síbi tí lílọ ẹ̀ ò ní yí nǹkan kan padà. Wọ́n á fún ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó o sọ̀rọ̀, ẹni tó ń darí á máa tẹ fóònù, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lóhùn, wọ́n á ní ẹ ṣeun, ẹni tó kàn. Ta ló máa padà wá?

Ẹ wá wo Glarus, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní Switzerland. Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù May lọ́dọọdún, àwọn ará ibẹ̀ á kóra jọ síta gbangba láti dìbò lórí òfin àti owó orí, káàdì ni wọ́n máa ń nà sókè, ẹni tó ń darí á fojú wo ibi tó pọ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ ìbò lè bọ́ síwájú kó ní òun fẹ́ yí àbá ìjọba padà. Ní 2006, ìjọba ní kí wọ́n da ìjọba ìbílẹ̀ 25 tó wà níbẹ̀ pọ̀ kó di 10. Ará ìlú kan bọ́ síwájú, ó ní 10 ṣì pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó di 3. Káàdì lọ sókè, ó di 3 lóòótọ́! Àwọn kan ní ìkánjú ti wọ̀ ọ́, wọ́n tún pe ìpàdé míì lórí ẹ̀ ní 2007, àwọn èèyàn tún ní 3 làwọn sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011. Tó o bá ti rí irú ìyẹn lójú ara ẹ, ta ló máa sọ fún ẹ pé mítìn ò wúlò?

Kẹ́nì kan má rò pé mò ń polówó ẹ̀ ṣá o, torí irú àpéjọ yìí kan náà ní Appenzell Innerrhoden, ní Switzerland yẹn náà, làwọn ọkùnrin ti nawọ́ sókè ní April 1990 pé àwọn ò fẹ́ kí obìnrin dìbò. 1990 o, kì í ṣe ayé àtijọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ló já ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní November ọdún yẹn, ó ní kí obìnrin máa dìbò. Àmọ́ ibòmíì tún wà tí lílọ sí mítìn ti yí nǹkan padà: ní Porto Alegre, ìlú kan ní Brazil, láti 1989, ará àdúgbò ni wọ́n pè láti wá sọ ohun tí owó ìlú máa ṣe, àwọn tálákà ló sì yọjú jù, omi, kòtò ẹ̀gbin àti títì ni wọ́n ń bèèrè.

Lórí ti Nàìjíríà, ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ owó tó bọ́ lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sọ́wọ́ alága, tí kò sẹ́ni tó tíì fojú kan bọ́jẹ́ẹ̀tì alága rí, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni WhatsApp. Gbogbo ẹjọ́ ìlú, orí ẹ̀ la ti ń rò ó, fóìsì nóòtì gígùn, fọ́tò gọ́tà, ẹnì kan á fi àmì ìbínú sí i, ó tán nìyẹn. Kò sí èyí tó wọ àkọsílẹ̀ kánsù níbẹ̀. Lẹ́tà ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ má kó ẹ̀sùn mẹ́sàn-án sínú lẹ́tà kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ, orúkọ àdúgbò, ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an, ọjọ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì pẹ̀lú déètì, ẹ mú un dání lọ sí mítìn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan gbà, ẹ yọ ọ́.