Wọ́n Wọ Bàtà Aládùúgbò Lọ Jalè

Torí obìnrin mẹ́rin ni mo ṣe jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọjọ́ 9 oṣù kejì 2018. Nàìjíríà ń lọ Olympics orí yìnyín fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Pyeongchang, Gúúsù Kòríà. Simidele Adeagbo wà lára wọn. Mi ò mọ̀ pé bí a ti ń wò ó, Wi-Fi pápá ti kú, wẹ́ẹ̀bù-sáìtì eré náà ti dákú, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ò rí i tẹ̀ jáde.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ẹnì kan ló fi kòkòrò kọ̀ǹpútà kọlu eré náà, mo fọwọ́ sọ̀yà fún ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Bódìjà pé Àríwá Kòríà ló ṣe é. Wọ́n ní, "Ìwọ! Ṣé àwọn tí eléré wọn bá ti Gúúsù rìn lábẹ́ àsíá kan lọ́jọ́ náà gan-an?" Mo ní ẹ̀rí wà nínú kóòdù kòkòrò náà, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. La bá ta tẹ́tẹ́ súyà ẹgbẹ̀rún náírà kan.

Ẹ̀rí sì wà lóòótọ́. Tí èèyàn bá fi irinṣẹ́ Microsoft kọ kóòdù, irinṣẹ́ náà máa ń fi àmì kan pamọ́ síbẹ̀, Rich header ni wọ́n ń pè é. Ti kòkòrò Pyeongchang bá ti Lazarus, ẹgbẹ́ olè orí kọ̀ǹpútà ti Àríwá Kòríà, mu rẹ́gí. Kaspersky, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ló tú u wò. Àmì ọ̀hún ní irinṣẹ́ ayé 1998 ni wọ́n lò, bẹ́ẹ̀ kóòdù náà ń dárúkọ fáìlì kan, mscoree.dll, tí kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Ẹnì kan ló ṣí àmì Lazarus, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀. Àwọn mìíràn tún rí ohun tó jọ iṣẹ́ Ṣáínà níbẹ̀!

Èmi tí mo máa ń wo IP, nọ́ńbà àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó kọlu kọ̀ǹpútà oníbàárà, tí màá ní "Ṣáínà ni," ojú tì mí díẹ̀. Bí olè bá lọ háyà kọ̀ǹpútà ní Ṣáínà ńkọ́?

Oṣù kẹwàá 2020 ni Amẹ́ríkà tó fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ GRU, iléeṣẹ́ amí ológun Rọ́ṣíà, mẹ́fà, ẹ̀ka 74455. Rọ́ṣíà, tí wọn ò jẹ́ kó gbé àsíá rẹ̀ wá síbi eré náà nítorí oògùn afúnnilágbára tí eléré rẹ̀ ń lò, ní òun kọ́. Lójú tèmi, kóòdù nìkan ò lè bí orúkọ èèyàn mẹ́fà. Wọ́n ní láti ní ojú níbòmíràn.

Mo ra súyà náà. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan ti 2018 kọ́ lèyí, kí n lọ fi èlé kún un.