Àwọn Àgùdà orí òkè Hara

Láti Kumamoto ní Japan, níbi tí mò ń gbé, ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ lọ sí Shimabara. Kò ju wákàtí kan lọ. Òkè Unzen á kàn dúró gàgàrà níwájú yín látorí omi. Ọdún kẹta mi rèé ní erékùṣù Kyushu yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wo òkè yẹn láti òdì kejì, tí mo ní ó rẹwà. N kò mọ̀ pé omi gbígbóná tó ń hó lórí rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ àwọn onígbàgbọ́ níyà láyé ọjọ́un, kí wọ́n lè sẹ́ Jésù.

Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, ló mú mi lọ. Mo ti sọ fún wọn rí pé ọmọ Àgùdà ni mí, wọ́n sì bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ní Èkó, orúkọ tí à ń pe àwọn Potogí àti àwọn tó ti Brazil padà wálé la fi ń pe ìjọ Kátólíìkì, àti pé Pópó Àgùdà ni wọ́n bí ìyá màmi sí. Inú Màmá dùn púpọ̀. Wọ́n ní ẹnu Potogí ni àwọn náà ti mú "Kirishitan," orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé ẹbí ni wá. Wá ká lọ kí àwọn èèyàn wa ní Hara." Oṣù kẹrin ni, oṣù tí àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn Shimabara àti ti erékùṣù Amakusa tó wà nítòsí rẹ̀. Àwọn ìjòyè tó ti jẹ lé wọn lórí tẹ́lẹ̀ gba Jésù, àwọn náà sì gbà á. Nígbà tó di 1614, ìjọba fòfin de ẹ̀sìn náà jákèjádò Japan. Ìdílé Matsukura tó wá jẹ lẹ́yìn wọn kọ́ ààfin olódi ràgàjì sí Shimabara, ó ju agbára ilẹ̀ kékeré yẹn lọ, ẹ̀yìn àgbẹ̀ ni wọ́n sì di ẹrù rẹ̀ lé. Ìṣákọ́lẹ̀ ìrẹsì ń wúwo sí i. Oko kò ṣe dáadáa, wọn ò dín in. Wọ́n ń gba owó ilẹ̀kùn, owó fèrèsé, owó ààrò. Ẹni tí kò bá rí i san, wọ́n á fi aṣọ òjò tí wọ́n fi koríko hun wọ̀ ọ́, wọ́n á dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ṣáná sí koríko náà. Bó bá ṣe ń fò sókè tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ijó ni wọ́n ń pè é. Ijó! Mo ní kí Màmá tún un sọ, bóyá èdè Japan mi ni kò já gaara tó. Wọ́n tún un sọ.

Lópin 1637, sùúrù wọn tán. Wọ́n pa aṣojú ìjòyè, Shimabara dìde, Amakusa dìde. Amakusa Shirō tí wọ́n fi ṣe olórí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, àmọ́ àwọn ológun àtijọ́ tí kò lọ́gàá mọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kó wọ Hara, ààfin olódi tí wọ́n ti pa tì létí òkun: bí 37,000 èèyàn, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé. Ìjọba kó ọmọ ogun tó lé ní 120,000 tì wọ́n. Itakura Shigemasa tó kọ́kọ́ ṣáájú ogun náà kú lẹ́sẹ̀ odi lọ́jọ́ ọdún tuntun wọn. Matsudaira Nobutsuna tó rọ́pò rẹ̀ fi ebi jà. Ó tún ní kí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Holland wá bá òun yin àgbá lu odi, wọ́n sì yin ohun tó lé ní 400. Kìrìsìtẹ́nì bíi tiwọn ló ń yìn ín o, nítorí òwò. Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà.

Mo ti ń retí ààfin bíi ti Kumamoto. Kò sí nǹkan kan. Ògiri òkúta tó ti wó díẹ̀díẹ̀, koríko, oko, àgbélébùú funfun kan, ère Shirō, òkun nísàlẹ̀. Orí koríko la jókòó sí jẹun ọ̀sán. Màmá ti di ìrẹsì ní ìṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ewé òkun dúdú wé e. Wọ́n mú tiwọn dání, wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ kan àwọn ará inú odi jáde wá jà, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì pa nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun la ikùn òkú kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ewé òkun àti ọkà báálì ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ ti tán.

"Ewé yìí náà ni," ni Màmá wí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo jẹ tèmi tán. Ara mi kò gbà á kí n ṣẹ́ ìkankan kù níbẹ̀.

15 oṣù kẹrin 1638 ni odi ṣubú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá ẹnì kan sí. Wọ́n gbé orí Shirō lọ hàn ní Nagasaki, wọ́n wó Hara palẹ̀ lé egungun lórí. Ìjọba ní ọ̀tẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni, nígbà tó sì di 1639 wọ́n lé àwọn Potogí kúrò pátápátá. Àmọ́ wọ́n bẹ́ Matsukura Katsuie, ìjòyè tó ń jẹ ní Shimabara nígbà náà, náà lórí lọ́dún 1638 yẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni, kí ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí fún? Wọ́n mọ ohun tó ṣe fún àwọn àgbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ Hara láyé wa yìí, wọ́n bá egungun àti àgbélébùú kéékèèké. Òjé ọta ìbọn ni wọ́n yọ́ rọ ọ́. Mo rí wọn nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí. Kò sí èyí tó gún régé nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ wọn rí págunpàgun, ọwọ́ ẹni tó ń kánjú ló rọ wọ́n.

Ní 2008, ìjọ wa fi àwọn ajẹ́rìíkú 188 ti Japan sípò ẹni ìbùkún ní Nagasaki. Àwọn ti Hara kò sí níbẹ̀, torí wọ́n gbé idà. Mo bi Màmá léèrè bóyá ó dùn wọ́n. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n mú mi lọ sídìí òkúta kan tí olórí tẹ́ḿpìlì Búdà kan àti àwọn baálẹ̀ abúlé gbé kalẹ̀ ní 1766, nítorí egungun tó wà káàkiri, ti ọ̀tá àti ti àwọn ará odi pọ̀. Màmá bu omi sí i. Èmi ka Mo kí ọ Màríà ní Yorùbá, àwọn kà á ní tiwọn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe màmi l'Ékòó. Wọ́n ní àwọn á lọ sanwó Mísà fún wọn lọ́la, kí n dárúkọ wọn. Mo ní orúkọ Shirō nìkan ni mo dì mú, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ò sí lákọsílẹ̀.

"Ṣé wọ́n pọ̀ ni?"

Mo sọ iye wọn. Màmi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Fi Shirō yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí n má baà ṣì í kọ. Màá ní kí wọ́n fi 'àti gbogbo ará ilé rẹ̀' sí i."