Nígbà tí Màámi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́

Ó lé ní ogójì ọdún tí Màámi fi ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, n'Íbàdàn. Ibẹ̀ sílé wa ò jìnnà rárá. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà ló gbé wọn wálé. Ó ní òun bá wọn lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń bi èèyàn léèrè ilé ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ní arán àgbà lásán ni. Àwa méjèèjì la ṣì í.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e ló ń dùn mí jù: mo kó wọn lọ sílé mi n'Íkòròdú. Oṣù márùn-ún gbáko, wọn ò mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lóru, màá bá wọn lórí ìdúró ní pálọ̀: "Ọmọ mi, ilé ta la wà yìí?"

Dókítà ló là mí lóye pé àìsàn Alzheimer ni, àìsàn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ń ya àwòrán ọ̀nà fún wa. Ní 1971, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John O'Keefe, àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ eku, tó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá dé ojú ibì kan pàtó ló ń jí. Ní 2005, tọkọtaya Moser àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Nọ́wè rí òmíràn nítòsí ibẹ̀, tó ń wọn ilẹ̀ bí ojú àwọ̀n. O'Keefe àti tọkọtaya Moser ló pín ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 2014. Àdúgbò ojú àwọ̀n yẹn gan-an wà lára ibi tí Alzheimer ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Èròjà kan tó ń jẹ́ tau á ta kókó sínú sẹ́ẹ̀lì bí òwú tó lọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní dé mọ́, tó bá yá, á kú. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ṣìnà nígbà tó ṣì mọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀. Màámi ṣì ń ki oríkì mi láìfò nígbà yẹn! Ilé tuntun ló wá burú jù fún wọn, torí àwòrán tuntun ló ń béèrè.

Mo dá wọn padà s'Íbàdàn. A ò ṣí ibùsùn wọn nípò. A kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní pupa, iná ń tàn níbẹ̀ mọ́jú. A rán nọ́ńbà fóònù mọ́ inú bùbá wọn, a sì sọ fún àwọn ọlọ́kadà àti ìyá oníbúrẹ́dì. Kò wo àìsàn náà sàn, àmọ́ ìbẹ̀rù òru dínkù. Bí àgbà yín bá ṣìnà lójú ọ̀nà tó ti mọ̀ tipẹ́, ẹ tètè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbàgbé orúkọ yín.

Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n ṣì máa ń dìde nírọ̀lẹ́ pé ọjà yá. Mi ò dá wọn lẹ́kun mọ́. Màá wọ bàtà mi, a ó jọ lọ.